Ta Ló Ń Gbọ́ Ti Postdoc? Bí A Ṣe Ń Darí Ìgbìmọ̀ Àwọn Olùwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Yunifásítì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lé e, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí kò gbajúmọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Baltimore, Boston, Houston àti Philadelphia báyìí, tí wọ́n ń fi òru ṣe ọ̀sán nínú láàbù. Ó kan ẹ̀yin náà tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá láàbù lókè òkun. Ìgbìmọ̀ àwọn postdoc ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí àwọn olùwádìí fúnra wọn máa ń dá sílẹ̀ nínú yunifásítì láti gbọ́ tara wọn.

Postdoc ni ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, tó wá lọ ṣiṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá kan fún ọdún díẹ̀ kó tó dá dúró. Ètò náà ti pẹ́. Láti 1919 ni National Research Council ní Amẹ́ríkà ti ń fi owó Rockefeller Foundation ran irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà nínú ìmọ̀ ìṣègùn ni owó. Láàárín 1998 sí 2003, ìjọba Amẹ́ríkà sọ owó NIH, àjọ tó ń náwó lórí ìwádìí ìlera, di ìlọ́po méjì. Láàbù pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè ọ̀jọ̀gbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn tí NIH yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2012, wọ́n rí i pé ní 1993, nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀mọ̀wé ìmọ̀ yìí ló wà nípò olùkọ́ tó lè di ti ayérayé ní yunifásítì, àmọ́ ó ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bí 26. Àwọn yòókù ń lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn, sí iṣẹ́ ìjọba, sí ibi ìkọ̀wé nípa sáyẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá láàbù kò rìn rí.

Ẹ wá wo ipò tí ẹni yìí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ní sẹ́nétì, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mọ ẹni tí yóò lọ bá. Postdoc ní ọ̀gá láàbù, ó parí. Ọ̀gá yìí ló ń san owó oṣù rẹ̀, òun ni yóò kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi gbà á síṣẹ́ lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé físà rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ènìyàn rere, ọpẹ́ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn postdoc ní Johns Hopkins fi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1992, ọdún mọ́kànlá kí National Postdoctoral Association tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà ní 2003. Ní Yunifásítì Pennsylvania, àwọn tó wà nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ìgbìmọ̀ tiwọn, Biomedical Postdoctoral Council, tó ń bá ọ́fíìsì tí ilé ẹ̀kọ́ náà yà sọ́tọ̀ fún postdoc ṣiṣẹ́ pọ̀.

Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni kó mọ ohun tí ẹnì kan kò lè dá mọ̀ nínú láàbù tirẹ̀, kó sì máa rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn kan tó ń dunni ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ń san owó postdoc láti inú owó ìwádìí ọ̀gá rẹ̀, òṣìṣẹ́ yunifásítì ni. Ó ní ìdójútòfò ìlera, wọ́n sì lè máa dá owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, ó díje, ó sì gba ẹ̀bùn ìwádìí NIH ní orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo láàbù bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà NIH, ẹni tó ń gba irú owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ nípasẹ̀ owó náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò dúró, ètò ìdójútòfò rẹ̀ yóò yí, àwọn kan á tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó orí fúnra wọn. Ó yege, ó sì pàdánù. Kò sí ẹni tó jókòó gbìmọ̀ láti fìyà jẹ ẹ́. Inú ìwé ẹ̀ka tó ń san owó ni ọ̀rọ̀ náà fara pamọ́ sí. Ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀, torí pé postdoc méjì tàbí mẹ́ta ló ní. Díìnì kò mọ̀, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún un. Ìgbìmọ̀ tó kó ènìyàn láti oríṣiríṣi láàbù jọ yí tábìlì kan nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ kan náà lẹ́nu ènìyàn púpọ̀, kó sì mọ̀ pé kì í ṣe àmúwá ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti mú àǹfààní méjèèjì dọ́gba, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, báwo la ṣe ń darí rẹ̀? Alága méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, bí wọn kò bá jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá ríṣẹ́ ní Seattle, tó sì lọ láàárín ọdún, èkejì á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ ní akọ̀wé, ẹ ní akápò. Ẹ pín àwọn yòókù sí ọ̀nà bíi mélòó kan: iṣẹ́ lọ́la, ọ̀ràn àwọn àjèjì, owó oṣù àti ẹ̀tọ́. Fàájì náà wúlò, torí ìdí kọfí ni ẹni tuntun ti máa ń kọ́kọ́ la ẹnu. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Olóyè ìgbìmọ̀ kì í sábà ju ọdún kan tàbí méjì lọ, nígbà tí òṣìṣẹ́ àgbà tó jókòó níwájú wọn lè ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún. Bó bá ní, "A ti dán an wò rí, kò ṣeé ṣe," kí ni ọmọ tuntun máa sọ? Aláàjọ kì í fi orí ṣírò owó oníbàárà. Ó ní káàdì, ó sì ń fàmì sí i lójú ẹni tó dá owó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ìgbìmọ̀ ṣe. Kí ìgbìmọ̀ ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀, kí ìwé rẹ̀ má wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Kí ẹ kọ ẹni tó ń buwọ́ lu owó, oṣù tí wọ́n ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìlérí tí díìnì ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bá àwọn aláṣẹ ṣèpàdé, ẹ fi lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú: "Ẹ ṣeun, ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyí." Lẹ́tà yẹn lágbára ju ariwo lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, pé òṣìṣẹ́ tí owó ọdún rẹ̀ kò tó dọ́là 47,476 ní ẹ̀tọ́ sí owó àfikún tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí ogójì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òfin náà kan àìmọye postdoc. Àwọn yunifásítì ṣèlérí àfikún. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, adájọ́ kan ní Texas dá òfin náà dúró. NIH kò yí ìpinnu tirẹ̀ padà, ó gbé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dé 47,484, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ fà sẹ́yìn. Níbi tí wọ́n bá ti ní ìlérí náà lákọsílẹ̀, ó rọrùn láti béèrè pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ yín ti yí padà ni?"

Láti ìgbà náà, owó ti ń gòkè. Ní oṣù Kejìlá 2023, àwọn olùgbaninímọ̀ràn NIH dá a lábàá pé kí owó ọdún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má dín sí dọ́là 70,000. Ọdún 2024 ló dé 61,008, ó sì di 62,232 ní 2025. Àwọn tó wà lórí ẹ̀bùn NIH nìkan ni iye yìí dè, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi í ṣe òṣùwọ̀n. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ṣe ìwádìí tirẹ̀: kí wọ́n béèrè iye tí kálukú ń gbà, iye tó ń san lórí ilé àti lórí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ dáàbò bo ẹni tó dáhùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "obìnrin kan láti Nàìjíríà ní ẹ̀ka báyìí" sọ báyìí báyìí, gbogbo ẹ̀ka náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe gbé èsì àwùjọ tí kò tó ènìyàn márùn-ún jáde.

Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o. Ó lè gbani nímọ̀ràn, ó lè bẹ̀bẹ̀, kò lè fọwọ́ sí àdéhùn owó oṣù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn postdoc Yunifásítì California gba ìdánimọ̀ ní 2008, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ ní 2010, wọ́n sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ bíi 48,000 tó yanṣẹ́ lódì níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022. Owó wọn gbéra gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún un, kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àti ìtọ́sọ́nà. Ohun tí mo kórìíra ni kí àwọn aláṣẹ máa sọ pé, "Ẹ ti ní ìgbìmọ̀, kí lẹ tún ń fẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe?" Kí ìgbìmọ̀ kankan má gbà kí wọ́n fi òun ṣe apata bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lọ pẹ̀lú físà J-1, ìyẹn físà pàṣípààrọ̀, tí òpin rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún fún olùwádìí. Àwọn kan nínú wọn gbọ́dọ̀ padà wá gbé ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè gba àwọn irú físà kan bíi H-1B, físà iṣẹ́, tàbí ìwé ìgbélùú. Ọkọ tàbí aya ẹni tó ní J-1 lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́. Lórí H-1B, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò àti ti ẹ̀kọ́ tó ń fún ọmọ Nàìjíríà nígbà náà di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú nílùú Ìjẹ̀bú lónìí ní láti rò ó bóyá òun lè lọ sin ín, torí pé bó bá jáde, kò dájú pé yóò rí físà tí yóò fi padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò lè yí òfin yẹn padà. Ó lè mú agbẹjọ́rò wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè rọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí ẹni tó há sílé máa ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ má dúró.

Ọ̀ràn ẹ̀bùn náà ńkọ́? Ẹ̀bùn F32 ti NIH wà fún ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé nìkan. K99/R00, tó ń gbé ènìyàn láti ipò postdoc dé ipò ọ̀gá láàbù, ṣí sílẹ̀ fún àjèjì. Ṣùgbọ́n kò gba ẹni tó ti lò ju ọdún mẹ́rin lọ nípò postdoc. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tó wọ ọdún karùn-ún. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí. Ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn dé ló yẹ kí ìgbìmọ̀ ti sọ ọ́ fún un.

Katalin Karikó, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, wá láti Hungary sí Yunifásítì Temple ní Philadelphia gẹ́gẹ́ bíi postdoc ní 1985, pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ kékeré kan. Ìwádìí tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Drew Weissman, ṣe lẹ́yìn náà lórí mRNA, ohun tó ń gbé ìtọ́ni jíìnì fún sẹ́ẹ̀lì, ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19 ṣeé ṣe, òun ló sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Síbẹ̀, ní 1995, Yunifásítì Pennsylvania, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Ó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá le bí irin nìkan ni yóò là á já.

Nílé, postdoc kò tíì wọ́pọ̀. Àwọn tiwa máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kékeré kí wọ́n tó gba oyè. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ètò CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì Áfíríkà lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí, tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Obafemi Awolowo wà nínú rẹ̀, ti ń ran àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun lọ́wọ́. Ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, wọ́n ti ń ka jíìnì àwọn kòkòrò àrùn, wọ́n sì kópa nínú kíka ti kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní oṣù Kẹta 2020. Bí ẹ bá ti tó mẹ́fà tàbí méje níbì kan, ẹ má dúró de owó. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà yunifásítì, kí ẹ béèrè ohun méjì péré: orúkọ òṣìṣẹ́ àgbà kan tí ọ̀ràn yín yóò máa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìwé tó ń sọ pàtó iye ọdún tí postdoc lè lò, owó rẹ̀, ìsinmi rẹ̀ àti ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí òun àti ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe gbólóhùn asọ̀. Kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.