Ta Ló Rán Kọfí Lọ Sínú Oòrùn?

Ẹ kú ìjókòó o. Abẹ́ igi ni wọ́n bí kọfí sí, n ó sì fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, lágbègbè Kaffa àti Jimma, kọfí arábíkà ṣì ń lalẹ̀ hù nínú igbó, láìsí ẹni tó gbìn ín. Àwọn ará ibẹ̀ á ro ìdí rẹ̀, wọn á dín ẹ̀ka tó bò ó kù, wọn á ká èso tó bá pọ́n. Lára àwọn igi tó ń ṣíji bò ó ni èyí tí wọ́n ń pè ní wanza, mọ̀lẹ́bí igi ọmọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù nílé wa, àti oríṣi àyúnré kan. Ojúlùmọ̀ wa ni wọ́n.

Ewé kọfí kò mọ ohun tí yóò fi gbogbo oòrùn ọ̀sán ṣe. Kò lò tó ìdajì rẹ̀. Tí ooru bá mú un jù, á pa ojú ihò tó fi ń mí dé, oúnjẹ tó ń sè fún igi á sì dáwọ́ dúró. Dígírì 18 sí 22 ni ara arábíkà gbà jù lọ. Bó bá gbóná kọjá ìyẹn, èso á kánjú pọ́n kó tó gbó dénú.

Kí ló wá gbé e lọ sí gbangba? Owó ni. Oòrùn púpọ̀, òdòdó púpọ̀, èso púpọ̀. Nígbà tí àrùn ìpẹtà ewé dé Brasil lọ́dún 1970, ẹ̀rù ba àwọn tó kù ní Látìn Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ ní kí àgbẹ̀ gé igi ìbòòji kí ewé lè máa tètè gbẹ, kí wọ́n gbin kọfí kúkúrú bíi Caturra ní fífún mọ́ra, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i. Èso pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó bá so àsojù, ọdún kejì ló máa ń fi sinmi.

Ìpẹtà ọ̀hún náà ò lọ. Lọ́dún 2012 sí 2013 ó ba oko jẹ́ rẹpẹtẹ ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ẹ yí ewé tó ní in dà, ẹ ó rí ẹ̀tù kan lábẹ́ rẹ̀ bíi gààrì olépo tí wọ́n kù kúnná. Ẹ fi ìka kàn án, á bá ìka yín lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bá atẹ́gùn lọ sí oko ẹlòmíì.

Ṣé kí gbogbo wa wá sáré gbingi? Ẹ rọra. Bàbá mi tó ń dá oko kòkó kò jẹ́ gbin ọmọ kòkó sí gbangba: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ló fi ń ṣíji bò ó. (Kókò ń dáàbò bo kòkó, àwa ọmọdé máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀.) Ṣùgbọ́n bí kòkó bá ti dàgbà, àdá á wọlé. Ìbòòji tó dáa lè dín ooru kù ní dígírì 2 sí 4. Ewé tó já á rà, á mú ilẹ̀ tutù. Àyúnré àti àgúnmáníyẹ̀ tún ń gba nàítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá sí gbòǹgbò. Àmọ́ ìbòòji tó bá ki jù, òdòdó ò ní yọ. Ewé á pẹ́ nínú omi, omi yẹn gan-an ni ìpẹtà sì ń wá kó tó hù. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò sì lọ jìn, á máa bá kọfí du omi lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹnì kan wá béèrè pé ṣé kò sàn kí wọ́n gbé kọfí gun òkè, níbi tó tutù. Etiópíà ní òkè tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n òkè kì í fẹ̀ béèyàn ṣe ń gùn ún, àwọn tó ń gbin ọkà bálì sì ti wà lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì ní ìbòòji mélòó ló tó. Mo ní kó wo ojú ọjọ́ kó tó mú àdá: lẹ́ẹ̀rùn, jẹ́ kó bò, bójò bá ti rọ̀ dáadáa, gé ẹ̀ka àgúnmáníyẹ̀, kó o sì tẹ́ ewé rẹ̀ sídìí kọfí. Kọfí á so lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin. Ó máa ń gba àkókò kí àyúnré tó ga débi tí yóò ṣíji bò ó, nítorí náà òun ni kó kọ́kọ́ wọlẹ̀.