Kí Wọ́n Tó Ka Ètò Ìṣúná: Ọ̀wọ́ngógó Ọjà àti Iṣẹ́ tí Kò Dáni Lójú

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ tí ìjọba yóò ka ètò ìṣúná ọdún tuntun, ìbéèrè méjì ló máa ń wà lọ́kàn àwọn ará ìlú, orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Èkíní ni pé, ṣé ọjà yóò dínwó? Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè sókè, ni pé, ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí yóò ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọdún bá fi máa parí? Mínísítà ètò ìnáwó sábà máa ń fi oríṣiríṣi iye dáhùn ìbéèrè kìíní, èkejì ni ó máa ń fò dá. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ara kan náà ni ìbéèrè méjèèjì, àti pé ètò ìṣúná tó bá dáhùn ọ̀kan tó sì pa èkejì tì kò tíì dáhùn èyíkéyìí nínú wọn.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ètò yìí, ìyẹn “budget”, wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí àpò awọ kékeré. Tiwa kò mẹ́nu kan àpò rárá. Ìwà ẹni tó di àpò náà mú ló ń sọ, nítorí ẹni tó ń ṣún owó ná ni ẹni tó ti mọ̀ pé owó ọwọ́ òun kò tó bùkátà òun. Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà tí wọ́n bá gbé ètò tí gbèsè kún inú rẹ̀ dé, tí wọ́n sì pè é ní ìṣúná, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lórí iye owó ọjà, àṣìyé kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti ará ìlú lọ́dọọdún. Nígbà tí ìjọba bá kéde pé ọ̀wọ́ngógó ti ń rọlẹ̀, ohun tí ará ìlú gbọ́ ni pé ọjà ti dínwó. Ó dé ọjà, kò rí ohun kan tó dínwó, ó sì gbà pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun. Kì í ṣe irọ́ ní ti gidi. Iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ń kéde kì í ṣe iye ọjà bí kò ṣe eré tí iye ọjà ń sá. Bí ohun kan bá jẹ́ 100 lọ́dún tó kọjá, tó sì di 110 lọ́dún yìí, eré tó sá jẹ́ ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di 112 lọ́dún tó ń bọ̀, eré náà kò tó ìpín 2 mọ́, mínísítà yóò sì gba oríyìn. Ṣùgbọ́n 112 ni ẹni tó fẹ́ ra nǹkan náà yóò san, kò sì sí ohun tó fi hàn pé yóò tún rí i rà ní 100 mọ́. Ọkọ̀ tó dẹ eré kò tíì ṣẹ́rí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìpẹ́ yìí fi hàn bí àṣìyé yìí ṣe lè tóbi tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, eré iye ọjà níbẹ̀ dé ìpín 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọn kò rí irú rẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó ti bọ́ sí ìpín 2, ibi tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà ń lépa gan-an. Lójú àwọn tó ń wo ìwé ìṣirò, ogun ti parí nìyẹn. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún náà ni wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè sì fìdí rẹmi. N kò ní sọ pé iye ọjà nìkan ló lé wọn lọ, nítorí ẹ̀sùn mìíràn pọ̀ lọ́rùn wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó fi ìbò kí wọn kú iṣẹ́ nítorí ìpín 2 yẹn.

Ohun mìíràn tó tún ń fa aáwọ̀ ni pé iye kan ṣoṣo ni ìjọba ń kéde fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ bùkátà kò rí bákan náà láti ilé dé ilé. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní ọdún 1857, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ernst Engel yẹ àkọsílẹ̀ ìnáwó àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù wò, ohun tó sì bá níbẹ̀ ni pé bí owó tó ń wọlé fún ìdílé kan bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà títí di òní, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń rí ohun kan náà láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé bí oúnjẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀ bá gbówó lórí ju àwọn ohun ìgbádùn lọ, iye tí wọ́n kéde yóò kéré sí ohun tí tálákà ń rí, yóò sì pọ̀ ju ohun tí olówó ń rí lọ. Irọ́ kò sí lẹ́nu ìjọba, tálákà náà kò sì ṣàròyé lásán.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ti yí ìgbé ayé rẹ̀ padà kí lẹ́tà kankan tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò ní ra ohun tó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, kò ní tún ilé ṣe, yóò ká ọwọ́ kò, yóò máa fi ìwọ̀nba tó ní pa mọ́. Ọgbọ́n ni fún òun nìkan. Ṣùgbọ́n owó tí òun kò ná ni owó tí ó yẹ kó wọlé fún ẹlòmíràn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá sì ká ọwọ́ kò lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà kò ní tà, àwọn ilé iṣẹ́ tí ọjà wọn kò tà yóò sì dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Báyìí ni ẹ̀rù ṣe ń bí ohun tí à ń bẹ̀rù. John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké ní ọdún 1936, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ṣì ń da ayé láàmú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, George Katona bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan, èyí tí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ń ṣe títí di òní, níbi tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìdílé bí wọ́n ṣe rò pé nǹkan yóò rí fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí tí ìjọba àti oníṣòwò fi ń ka èsì ìwádìí náà ni pé ohun tí ènìyàn ń retí lọ́la máa ń hàn nínú ohun tó ń rà lónìí.

Iṣẹ́ kì í sì í ṣe owó nìkan. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Marienthal ní Austria, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ìlú, ó sì tì pa ní nǹkan bí ọdún 1930. Àwọn olùwádìí tó lọ gbé àárín wọn retí pé ẹni tí kò níṣẹ́ yóò ráyè kàwé. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n bá: iye ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé já wálẹ̀ gidigidi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fagi lé owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n fi aago wo bí àwọn ọkùnrin ṣe ń rìn kọjá lójú pópó, wọ́n sì rí i pé ẹsẹ̀ wọn kò yá mọ́, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà láìsí ìdí. Mo máa ń rántí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ka iye àwọn tí kò níṣẹ́ bí ẹni ń ka àpò sìmẹ́ǹtì.

Kí ni ètò ìṣúná wá lè ṣe? Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wá láti Jámánì. Nígbà tí ọjà àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, ọrọ̀ ajé Jámánì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2009, ìṣubú náà sì jinlẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Síbẹ̀ Amẹ́ríkà ni iye àwọn tí kò níṣẹ́ ti dé ìpín 10 ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ti Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Kurzarbeit kó ipa pàtàkì níbẹ̀: dípò kí ilé iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́, yóò dín wákàtí iṣẹ́ wọn kù, àpò ìdójútòfò àìríṣẹ́ṣe yóò sì san ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òṣìṣẹ́ náà pàdánù, tàbí ìpín 67 bó bá ní ọmọ. Lóòótọ́, ètò náà ní àléébù, nítorí ó lè máa gbé ilé iṣẹ́ tó yẹ kó kógbá sílé ró. Èyí tó sì wúwo jù ni pé ẹni tó ní ọ̀gá àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ILO, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2018 pé ó lé ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ayé tí iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ìwé kankan. Fún irú wọn, ohun tí Íńdíà dán wò súnmọ́ ọ̀nà jù: òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005 ṣèlérí 100 ọjọ́ iṣẹ́ tí wọn yóò sanwó rẹ̀ lọ́dún kan fún ìdílé ìgbèríko tó bá béèrè.

Gbogbo èyí ń ná owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun yóò dín owó orí kù gidi, láìsọ ibi tí owó tí yóò dí àlàfo náà ti máa wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ilẹ̀ náà já wálẹ̀, èlé orí gbèsè ìjọba fò sókè, àwọn tó ń san gbèsè ilé sì kàgbákò nínú ohun tí wọ́n pè ní ìrànlọ́wọ́ fún wọn. Kò tó oṣù kan tí olórí ìjọba, Liz Truss, fi kéde pé òun ń lọ. Kẹ́ńyà gba ọ̀nà kejì lọ́dún 2024: wọ́n fẹ́ fi owó orí tuntun dí àlàfo, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde, ẹ̀mí ṣòfò, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà sì ni Ààrẹ William Ruto ní òun kò ní buwọ́ lu àbá náà mọ́.

Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti máa ń wá ọ̀nà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi iye owó tí ènìyàn lè gbà lọ́dún kí owó orí tó kàn án dúró sójú kan, pọ́n-ùn 12,570. Bí ọjà ṣe ń wọ́n, tí owó oṣù sì ń lọ sókè díẹ̀ kó lè bá a dọ́gba, àwọn tí kò san owó orí tẹ́lẹ̀ ń wọ inú àwọ̀n náà. Mínísítà lè dìde kó sọ láìpurọ́ pé òun kò fi nǹkan kan kún ìpín owó orí, kí òṣìṣẹ́ sì dé ilé kó rí i pé owó òun ti dínkù. Lójú tèmi, èyí burú ju owó orí tí wọ́n kéde ní gbangba lọ, nítorí ẹni tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, olùgbọ́ kan béèrè pé bí òun bá ní wákàtí kan péré láti ka ètò ìṣúná, ibo ni kí òun kọ́kọ́ ṣí. Mo ní kó má bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ mínísítà. Kó wá ibi tí wọ́n ti to ohun tí wọ́n ṣèlérí láti ná lọ́dún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n ná gan-an, pàápàá lórí iṣẹ́ òde àti ìrànwọ́ fún ìdílé, nítorí orí ìwé ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí máa ń parí sí. Ó tún béèrè pé bí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kò bá sí ńkọ́. Mo dá a lóhùn pé kó kọ̀wé sí aṣojú rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kó béèrè fún un, kó sì yára ṣe é, nítorí àárín ọjọ́ tí wọ́n ka àbá náà àti ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú ni àyè ṣì wà láti yí nǹkan padà nínú rẹ̀.