Ọdún Díẹ̀ Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́: Owó, Àkókò àti Ẹni Tí A Jọ Ń Gbé

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin tó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹ̀yin tó ku ọdún díẹ̀ fún, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé wa kí a tó túká: nínú gbogbo ìgbà ìfẹ̀yìntì, ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ló gba ìṣọ́ra jù. Ìgbà yẹn ni owó máa ń pọ̀ lójú, tí ara ṣì ń ta kébékébé, tí gbogbo ẹni tó mọ̀ wá sì mọ̀ pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ohun tí a bá ṣe nígbà náà, a ó máa jẹ èrè rẹ̀ tàbí ìyà rẹ̀ fún ọdún pípẹ́.

Pẹ́ńṣàn kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé. Ní ọdún 1889, nígbà tí Otto von Bismarck ń ṣe olórí ìjọba Jámánì, wọ́n ṣe òfin tó fún àwọn òṣìṣẹ́ lówó ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá pé ẹni 70 ọdún ló lè gbà á. Ọdún 1916 ni wọ́n tó fà á wálẹ̀ sí 65. Òfin tí wọ́n ṣe ní Britain ní 1908 náà, 70 ọdún ló mú. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í dé ọjọ́ orí yẹn rárá. Lónìí, ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 60 lè tún lo ọdún 25 tàbí 30, ìyẹn sì sún mọ́ iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́. Owó tí a kò ṣètò kò lè gbé ẹnikẹ́ni jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Ida May Fuller, tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ní ìpínlẹ̀ Vermont. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba owó oṣooṣù lábẹ́ Social Security, ètò owó ọjọ́ ogbó ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1935. Ní oṣù Kìíní ọdún 1940, dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 54 ló wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ètò náà kò ju dọ́là 24 àti sẹ́ǹtì 75 lọ. Màmá yìí lo 100 ọdún láyé, owó tó sì gbà lápapọ̀ lé ní dọ́là 22,800. Oríire ńlá ni, mo sì bá a yọ̀ nígbàkígbà tí mo bá ka ìtàn náà. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í dúró lé lórí ni pé dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 54 yẹn kò yí padà fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ogun Àgbáyé Kejì jà, ó parí, ọjà gbówó lérí, ṣẹ́ẹ̀kì dúró sójú kan. Ọdún 1950 ni àwọn aṣòfin tó fi kún un, tó wá di dọ́là 41 àti sẹ́ǹtì 30. Nígbà tó fi máa di 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún owó náà fúnra rẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń gbówó lérí, ìyá náà ti jáde láyé.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì kì í ṣe "Èló ni pẹ́ńṣàn yín?" Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ó máa ń lọ sókè bí ọjà bá lọ sókè?" Ìṣirò kan wà tí kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ mú 72, ẹ fi iye tí ọjà fi ń gbówó lérí nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ọdún tí ọjà yóò fi di ìlọ́po méjì. Bí ọjà bá ń lọ sókè ní ìdá 9 nínú 100 lọ́dọọdún, ọdún mẹ́jọ péré ni. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 60 yóò máa ra gbogbo nǹkan ní ìlọ́po méjì nígbà tó bá pé 68, ní ìlọ́po mẹ́rin nígbà tó bá pé 76. Ọjọ́ orí 76 yìí gan-an ni owó oògùn sábà máa ń pọ̀ sí i, tí èèyàn kò sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ewu kejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Èèyàn méjì fẹ̀yìn tì, dọ́là 100,000 ni oníkálukú fi ṣe ìdókòwò. Àwọn méjèèjì ń yọ 10,000 níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan láti fi jẹun. Ìdókòwò ti ẹni àkọ́kọ́ já wálẹ̀ ní ìdá 20 nínú 100 lọ́dún kìíní, ó wá jèrè ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́dún kejì àti ìkẹta. Ti ẹnì kejì jèrè ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ó wá já ní ìdá 20 lọ́dún kẹta. Bí kò bá sí ẹni tó yọ kọ́bọ̀, 96,800 ni ìbá kù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nítorí pé wọ́n ń yọ owó, 64,020 ló kù lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, 70,320 lọ́wọ́ ẹnì kejì. Èrè kan náà, àdánù kan náà, iye kan náà ni wọ́n yọ. Ìgbà tí àdánù dé ló yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta péré sì nìyẹn.

Òye yìí wà lára ohun tí William Bengen, agbaninímọ̀ràn owó ní Amẹ́ríkà, gbé yẹ̀ wò ní 1994. Ó wo bí ọjà ìpín ìdókòwò ṣe lọ sẹ́yìn títí dé 1926, ó ní ẹni tó bá yọ ìdá 4 nínú 100 owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó sì ń fi iye tí ọjà gbówó lérí kún un lọ́dọọdún, owó náà yóò gbé e fún 30 ọdún. Ọjà Amẹ́ríkà ló fi wọ̀n ọ́n, kò sì yẹ ká gbé e bí òfin lọ síbi tí ọjà ti ń yí bìrí. Ohun tí èmi gbà mú nínú rẹ̀ ni bí ìdá náà ṣe kéré tó. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn lè máa ná ìdá mẹ́wàá. Èyí tó wù mí jù ni kí owó oúnjẹ ọdún kan tàbí méjì wà níbi tí kì í mì, nínú báńkì, kó má bàa di dandan láti ta ìdókòwò lọ́jọ́ tó bá já wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀ díẹ̀. Ní 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to nǹkan 43 tó máa ń da ayé èèyàn rú jọ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100. Ìgbéyàwó gba 50. Ìfẹ̀yìntì gba 45. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìtùnú fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, tó ń rò pé aláìmoore ni òun. Wàhálà ńlá ni lóòótọ́.

Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Oṣù àkọ́kọ́ dùn bí oyin: oorun àárọ̀, ìrìn àjò, ìbẹ̀wò ọmọ. Nígbà tó bá yá, ẹni náà yóò jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ bí ìṣe rẹ̀, yóò wẹ̀, yóò wọṣọ, yóò jókòó sí pálọ̀. Fóònù tó máa ń dún láti àárọ̀ dalẹ́ kò dún. Aago mẹ́wàá lù, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé fún ẹlòmíì, ibẹ̀ ni ẹlòmíì sì ti ń kó owó rẹ̀ lé òwò tí kò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó ṣáà lè rí ibi tí yóò máa jáde lọ. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ì báà jẹ́ ìkọ́ni ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó ṣáà jẹ́ ibi tí wọn yóò ti béèrè yín bí ẹ kò bá dé. Ẹni tó bá rí irú ibẹ̀ máa ń gbádùn ìfẹ̀yìntì ju bó ṣe gbádùn iṣẹ́ lọ. Mo mọ àwọn tó kọ́ èdè tuntun, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Ilé pàápàá gba ètò. Ní Japan, ní 1991, dókítà kan tó ń jẹ́ Nobuo Kurokawa fún àìsàn àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní orúkọ, ohun tó sì máa ń ṣe wọ́n ni ara ríro, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún wà níta dé, ó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nínú ilé tí kì í sábà gbé. Ẹ jọ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé: ta ni yóò máa ṣe kí ni, yàrá wo ni ti ta, wákàtí wo ni oníkálukú yóò wà fún ara rẹ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ìwé pẹ́ńṣàn èyíkéyìí, ẹ bi wọ́n bóyá owó náà yóò dúró lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú, tàbí ẹni tó kù yóò máa gbà lára rẹ̀. Ó burú kí opó máa wá báńkì kiri pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́, torí pé ọkọ nìkan ló mọ ibi tí owó wà.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ó ní àwọn ọmọ òun ti ń béèrè lára owó gọbọi tí wọ́n fẹ́ san fún òun, báwo ni òun ṣe fẹ́ dáhùn? Mo ní, "Mà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní fọwọ́ kàn án kó tó pé ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ bá fẹ́ fún wọn, kó wá láti inú ohun tí owó náà ń mú wọlé, kí owó náà gan-an má dín kù." Ó ní wọn yóò bínú. Mo ní wọ́n lè bínú fún ọdún kan, ṣùgbọ́n bí owó náà bá tán, àwọn náà ni yóò máa gbọ́ bùkátà yín. Ó béèrè bóyá òun lè kọ ọ́ sínú ìwé kí òun kà á fún wọn. Mo ní kí ó kọ iye rẹ̀ àti déètì sí i.