Ìwé pélébé tó ń tú àṣírí omi

Ẹ wo omi inú ife yìí. Ó mọ́ gaara, kò rùn, kò korò. Bí ásẹ́níìkì, májèlé kan tó máa ń wà nínú ilẹ̀, bá wà nínú rẹ̀, ojú kò lè rí i, ẹnu kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní kúrò. Bí omi ṣe ń fà ni májèlé náà ń ki sí i.

Ohun tó bá àwọn ará Bangladesh, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, nìyẹn. Láti bí ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, kí àwọn ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ omi adágún tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Èrò rere ni. Àṣé ásẹ́níìkì ti wà nínú ilẹ̀ wọn tipẹ́. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i nínú omi kànga.

Ta ló fẹ́ gbé omi ọ̀kẹ́ àìmọye kànga lọ sí ilé àyẹ̀wò? Àpótí kékeré kan ni wọ́n gbé wá sí ìdí kànga. Wọ́n á bu omi sínú ìgò, wọ́n á da síǹkì lẹ́búlẹ́bú àti ásíìdì sí i. Omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Gáàsì tó ń jáde á gbé ásẹ́níìkì gòkè lọ bá ìwé pélébé tí wọ́n há sí ìdérí, èyí tí wọ́n ti fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ mẹ́kúrì búrómáìdì pa. Bí ìwé bá funfun síbẹ̀, ọkàn balẹ̀. Bí ó bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí ó ṣú bí ilẹ̀ ọ̀dàn, wàhálà wà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, májèlé ni gáàsì náà fúnra rẹ̀.

Ojú èèyàn ni ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó. Ìjọba Bangladesh ní ásẹ́níìkì kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 50 (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) lọ nínú lítà omi kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 10. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹnì kan á ní ìwé ti pọ́n, ẹnì kejì á ní rárá. Ásẹ́níìkì nìkan ni ìwé yìí sì mọ̀. Kànga tó sún mọ́ ṣaláńgá, náítíréètì, èròjà tó ń ti inú ìgbẹ́ wọ omi, ni ká wá níbẹ̀, ìwé tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó wù mí jù ni ọ̀dà. Wọ́n yẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 kànga wò, wọ́n kun ẹnu ẹ̀rọ tó léwu ní pupa, wọ́n kun èyí tó dára ní àwọ̀ ewé. Kànga yín lè pupa, kí ti aládùúgbò yín tó wà lẹ́yìn ògiri jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò kàwé rí mọ ibi tí yóò gbé garawa lọ.

Ọ̀dà ti ṣí kúrò lára púpọ̀ nínú wọn báyìí, wọ́n sì ti gbẹ́ ọ̀pọ̀ kànga tuntun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí.