Ta Ló Ni Ojú Títì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀rù àti Ìwàkiwà ní Àárín Ìlú Èkó

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin bàbálọ́jà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fóònù, mo kí gbogbo yín.

Bí a bá ti dárúkọ ààbò l'Ékòó, adigunjalè ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, ọlọ́pàá la ó sì máa béèrè. N kò ní gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá fún Òṣòdì, Ìdúmọ̀tà àti Yábàá ni ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn rí. Ohun tó lé wọn ni ìwà kéékèèké tí kò sí ẹni tó ń dáhùn fún un: ẹni tó fa obìnrin lọ́wọ́, ẹni tó ń tọ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn afárá ní ọ̀sán gangan, àgbèrò tó ń já wáípà dànfó nítorí owó gàráàjì tí èrò sì jókòó sínú ọkọ̀. Kò sí olè nínú gbogbo wọn, àmọ́ àyà ń já.

Ẹ jẹ́ ká mú Yábàá. Ẹni tó bá ti ra òkìrìkà níbẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ọmọbìnrin kò tíì dé ìdí aṣọ tí wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Sisí, wá wo jíìnsì." Bó bá já ọwọ́ yìí gbà, ẹlòmíràn á di apá kejì mú. Bí kò bá dá wọn lóhùn, orúkọ á yí padà: òròbó, lẹ́pa, aṣẹ́wó. Àwọn kan kì í sì í fọwọ́ mọ sí apá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Damilola Marcus kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n gbé àkọlé dání wọ inú ọjà náà, wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọn mọ́. Market March ni wọ́n pe ìrìn náà. Àwọn ọkùnrin kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ju nǹkan lù wọ́n. (Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níhìn-ín náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin yín nígbà tí ẹ bá délé.)

Kí ló dé tí wọ́n ń fani lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì gba owó oṣù. Oníṣọ́ọ̀bù á dá iye lé aṣọ, ohun tí ọmọ náà bá rí lé e lórí ni tirẹ̀. Oníbàárà tó bá kọjá lọ, oúnjẹ rẹ̀ ló kọjá lọ yẹn. N kò sọ èyí láti gbè wọ́n. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí ẹni tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà lè sá wọ kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù sá. Bí ẹgbẹ́ ọjà bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ rẹ̀ bá fọwọ́ kan obìnrin, àgádágodo ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí i bí ọwọ́ á ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí owó ẹgbẹ́, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ọ̀nà tí ìjọba mọ̀ jù ni katakata, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá wọ Òṣòdì. Kó tó dìgbà náà, ọjà ti gba ojú títì débi pé ọkọ̀ kì í rí ju ìlà kan lọ gbà. Orí ojú irin pàápàá, ọjà ni. Bí rélùwéè bá fọn fèrè, wọ́n á palẹ̀ igbá mọ́. Bó bá kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ. Inú rúdurùdu bẹ́ẹ̀ ni jàgùdà ti ń jẹ. Wọ́n wó ìsọ̀, ọ̀nà là, wọ́n gbin òdòdó. Mo yìn ín nígbà náà, mo ṣì ń yìn ín.

Àmọ́ katakata ìsọ̀ ló ń wó, jàgùdà kò sì ní ìsọ̀. Ẹni tó lọ pátápátá ni ìyá oníbúrẹ́dì tó máa ń tan àtùpà títí di aago mẹ́wàá alẹ́, tó mọ ojú ẹni tó ń bọ̀ láti ibiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lúgọ. Ní 2016 ọjà Owónifárí, ní Òṣòdì kan náà, tún lọ. Ní oṣù Kẹrin 2019 wọ́n ṣí ilé ọkọ̀ ńlá síbẹ̀. Inú ibẹ̀ dára. Èèyàn á tò, á sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo èrò kan náà bó bá jáde sábẹ́ afárá: á gbé báàgì wá síwájú àyà, á fi fóònù sápò, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rìn.

Òfin ńkọ́? Ní òpin oṣù Kẹfà 2016, ọkọ̀ pa ọmọ kiri kan ní Maryland níbi tó ti ń sá fún àwọn KAI, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé àwọn tó ń kiri ọjà, àwọn tínú ń bí sì fọ́ bọ́ọ̀sì BRT. Gómìnà Ambode ní òfin ìkiri ọjà ti 2003 yóò wá múlẹ̀: 90,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Ẹ wo ojú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lónìí, bóyá gála ti wọ́n. Òfin tó bá tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹ̀gúnjẹ ló ń bí.

A ní nọ́ńbà pàjáwìrì: a ní 767, a ní 112. Bí ilé bá ń jó, ẹ pè é. Àmọ́ ta ni yóò pe 767 nítorí pé wọ́n fà á lọ́wọ́? Ẹni tó wà nítòsí ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́: oníṣọ́ọ̀bù, alága gàráàjì, máígádì báńkì. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí nínú àbá yìí ni ti àwa fúnra wa. A ti rí i nílùú yìí tí ariwo "olè!" di táyà àti pẹtiróòlù kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ dá ẹni tó hùwàkiwà dúró, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ má nà án.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde: "Àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ afárá ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n kó wọn." Mo ní: "Ẹ̀yin mà, wọ́n ti ń kó wọn tipẹ́, wọ́n sì ń padà. Èwo nínú wọn ló ṣe yín ní nǹkan?" Ó ní méjì ni, ó sì dárúkọ àwọn méjèèjì. Mo ní kó fún alága ọjà lórúkọ àwọn méjì yẹn. Àwọn yòókù ló ń bá a ru ẹrù láràárọ̀.