Ẹ̀fọ́ Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Asàláámù aleikum wa ráhmọ́túllọ́hì wa bárákátùhù. Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ kú Jímọ̀ o. Ọlọ́hun á gba ìrun wa.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn ọdún kan, mo já tẹ̀tẹ̀ ní àkùrọ̀ tí mo ń dá lẹ́bàá Kàbà níbí. Mo kó èyí tó dáa fún àwọn alájàpá. Ìyókù wà nílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, ó ti rọ, etí ewé ti ń pọ́n. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, mo fi àjákù ańkárá pupa dì í, mo gbé e lọ fún ìyá àgbà kan ládùúgbò, mo ní sàráà ni. Ìyá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún mi títí orí mi fi wú. Lọ́jọ́ kejì, mo ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn, ewúrẹ́ ni mo bá nídìí ẹ̀fọ́ mi. Ańkárá pupa yẹn ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o jí ire bí?" Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ka Súrátùl Bàkọ́rà nínú Kùránì dé àáyà 267, ewúrẹ́ yẹn ni mo máa ń rí. Ọlọ́hun ní ká ná nínú èyí tó dáa lára ohun tí a fiṣẹ́ wá àti lára ohun tí Ó mú hù fún wa láti inú ilẹ̀, ká má lọ máa ṣa èyí tí kò dáa fi tọrẹ, èyí tí àwa náà ò ní gbà bí wọ́n bá fún wa, àfi tí a bá dijú. Àfi tí a bá dijú! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ohun tó fà á tí àáyà náà fi sọ̀. Báráhù ọmọ Ásíbù ló ròyìn rẹ̀, ó wà nínú ìwé hádíìsì Tírímísì. Àwọn Ansọ́ọ̀rì Mọ̀dínà, àwọn tó gba Ànábì sílùú wọn, ló loko dàbínù. Oníkálukú wọn a mú ṣírí kan tàbí méjì wá, a fi kọ́ sínú mọ́sáláṣí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Àwọn tálákà tí wọ́n ń pè ní ará Súfà ń gbé ní mọ́sáláṣí náà, wọn ò nílé, wọn ò lóko. Bí ebi bá pa ọ̀kan nínú wọn, a lọ síbẹ̀, a fi ọ̀pá lu ṣírí, tútù àti pípọ́n a já bọ́, a jẹ. Kò sẹ́ni tó ní kó tò, kò sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣírí gbígbẹ, èyí tó ti kán, ni wọ́n ń gbé wá kọ́. Ìdí rèé tí àáyà fi sọ̀.

Nílé ìpín oúnjẹ tiwa lónìí, gaàrí ni, ìrẹsì ni, Indomie ni. Mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí gaàrí gbà, kí ni yóò fi jẹ ẹ̀bà? Ẹ̀fọ́ ni kì í sí nínú àpò sàráà, torí ẹ̀fọ́ kì í dúró dẹni. Èyí tí a já láàárọ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán nínú oòrùn, ó ti sùn. Ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́ ló yẹ kó ti hù.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ibi àlùwàlá mọ́sáláṣí yín. Omi ìrun márààrún ń ṣàn lọ, koríko ló ń mu ún. Ẹ jẹ́ ká gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn aláìní. Lójú mazhab Málíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, omi tí a fi ṣàlùwàlá kì í ṣe nàjísì, kì í ṣe ẹlẹ́gbin, tẹ̀tẹ̀ lè mu ún. Omi ṣáláńgá nìkan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ti ń gé e. Ẹ má fà á tu o. Ẹ fọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ẹ fi ìdí sílẹ̀, á tún rú. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Kàbà níbí, ọmọ wa kan á kúkú ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnì kan á ní sàká, ìyẹn ọrẹ dandan, ò sí lórí ẹ̀fọ́ tútù. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ní mazhab wa. Èyí ló jẹ́ kó wù mí, torí kò sẹ́ni tó fi dandan gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Abú Huráírà ròyìn, ó wà nínú ìwé hádíìsì Múslímù, pé ọkùnrin kan gbóhùn nínú ìkúùkù láṣálẹ̀ pé, "Fún ọgbà lágbájá lómi." Ó tọ omi òjò náà lẹ́sẹ̀ títí ó fi bá ẹnì kan tó ń fi ọkọ́ darí rẹ̀ sínú ọgbà. Orúkọ ológbà yìí gan-an ni ohùn inú ìkúùkù pè. Ọkùnrin náà bi í pé kí ló ń ṣe. Ológbà dáhùn pé ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè òun, sàráà ni. Ìdá kan, òun àti ará ilé òun á jẹ ẹ́. Ìdá kẹta, òun á dá a padà sínú ọgbà. Àìsí ìdá kẹta yìí ló ń pa ọgbà ẹgbẹ́. Ìtara máa ń pọ̀ nígbà ìkọ́kọ́gbìn. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sówó irúgbìn, kò sówó ajílẹ̀.

Ní ìlú Anchorage ní Alaska, lọ́hùn-ún nílẹ̀ òtútù, Jeff Lowenfels tó ń kọ̀wé nípa ọgbà sínú ìwé ìròyìn bẹ àwọn tó ń kà á pé kí wọ́n gbin ìlà kan lé tiwọn fún ibi tí wọ́n ti ń bọ́ aláìní. Ní 1995, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé ọgbà ní Amẹ́ríkà gbé e káàkiri. Ìlà kan péré o.

Nílẹ̀ Okun wa, nínú agbo ilé kan, ẹ̀gbọ́n lè wà ní mọ́sáláṣí kí àbúrò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Asmáù ọmọ Abú Bákárì bèèrè bóyá kóun ṣe dáadáa sí ìyá òun tó jẹ́ abọ̀rìṣà, Ànábì ní kó ṣe é. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má dúró lẹ́nu ọgbà kó máa bi èèyàn ní ìrun tó kí.

Lọ́la lẹ́yìn ìrun Àsírì, ẹ bá wa lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ẹni tó bá ní ọkọ́, kó mú un dání.

Ìyá àgbà yẹn ṣì wà láàyè, mo dúpẹ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo gé tẹ̀tẹ̀ kí oòrùn tó yọ, mo dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Wọ́n gbọn ewé náà, ìrì ta sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ti òní yìí, ewúrẹ́ ò ní tọ́ ọ wò."