Kí Ẹ Tó Ní Hard Drive Ti Kú, Ẹ Yẹ Iná Rẹ̀ Wò

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ gbọ́ ohùn yìí: kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó tún dákẹ́. Ẹ má tíì sọ pé ó ti kú. Ó lè jẹ́ pé iná tó ń wọlé sí i ni kò tó.

Ẹ má ṣe format rẹ̀ o! Bí Windows bá ní òun fẹ́ bá yín tún un ṣe, ẹ ní rárá. Àtúnṣe yẹn ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ ni. Bí iná bá já lẹ́nu rẹ̀, fáìlì tí à bá rí yọ lè bá a lọ.

External kékeré bí èyí, ojú USB nìkan ló ti ń gba iná. Ojú USB 2.0, 500 mA (ìwọ̀n iná) ni òfin fún un, ti USB 3.0, 900 mA. Ìgbà tí àwo inú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yí ló ń fa iná jù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub (èyí tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀), ẹ fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ọ̀pọ̀ òkú ló ń jí níbí.

Ti inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Mo ti ki multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, bọ ẹ̀yìn plug rẹ̀: 12.0 volt. Ó dára lójú, àmọ́ díráìfù ń sinmi ni. Mo ní kó máa ka fáìlì ńlá kan. Kíkà o, kì í ṣe kíkọ. Ẹ wò ó: 11.5… 11.2. Kò yẹ kó wálẹ̀ ju 11.4 lọ, ti wáyà 5 volt inú plug kan náà, kò yẹ kó wálẹ̀ ju 4.75 lọ. Power supply tàbí wáyà tí wọ́n fi pín iná la máa pààrọ̀.

Ẹ tẹ smartctl -a, kí ẹ fi orúkọ díráìfù tẹ̀lé e; àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ ìlera díráìfù hàn ni. Ìlà 192, níbi tí díráìfù bá ti ń fi í hàn, ń ka iye ìgbà tí iná já mọ́ ọn lójijì. Bó bá ń gòkè, tí ìlà 5 àti 197, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ àti ibi tí a fura sí lórí àwo, ṣì wà ní òdo, ara mi á balẹ̀ díẹ̀. Ẹ da gbogbo fáìlì kọ síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Kí ló ń jẹ fáìlì gan-an? Cache ni, ibi tí nǹkan ń dúró sí fúngbà díẹ̀ kó tó di kíkọ sórí díráìfù. Kọ̀ǹpútà á ní òun ti kọ ọ́ tán, bí ọmọ tó ní òun ti jíṣẹ́, tí lẹ́tà ṣì wà lápò rẹ̀. Iná já, lẹ́tà pòórá. Bó bá ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà ló dá dúró lágbedeméjì, odindi fódà lè di àwátì. SSD, díráìfù tí kò ní àwo tó ń yí, náà kò yọ: àwọn tí wọ́n ṣe fún server sábà máa ń ní capacitor, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀, tó ń gbé e dé òpin iṣẹ́, èyí tó pọ̀ nílé kò ní.

Ẹ ra UPS, ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ, kí ẹ sì so wáyà USB rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó tán. Ẹni tó bá fi wáyà yẹn sílẹ̀ nínú páálí kàn sún ìṣòro síwájú ni. Láti dán an wò, ẹ pa gbogbo fáìlì tó ṣí dé, kí ẹ wá yọ plug UPS lára ògiri, kí ẹ sì máa wò ó títí yóò fi pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.